Ẹ Wo Ibi Tí Wọ́n Di Àkísà Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń parí ilé oníyàrá mẹ́ta kan lọ́wọ́ ní Dutse Alhaji, l'Ábújá níbí. Ògiri ti dúró, òrùlé ti wà lórí. Káfíńtà gbé àwòrán kántà kíṣìnì wá, wẹ́dà gbé ti ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé wá, onítáìlì náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ń dán, gbogbo rẹ̀ ló wù mí, n ò wá mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Màmá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń bọ̀ láti Ọ̀fà wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Káfíńtà tún ní kò síbi tí gíga kántà kì í ti í jẹ́ 90 sẹ̀ntímítà láyé yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí lèèyàn fi ń dá ohun tí wọ́n ro dáadáa mọ̀ kó tó sanwó rẹ̀? Èmi Ìyá Ìbejì, Dutse Alhaji.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ilé á tura fún tọmọtìyá.

Ẹ kó àwòrán wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya kíṣìnì inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rokà níbẹ̀. Kò sọ́mọ tó ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá fa dúrọ́ọ̀, iná ò lọ, eruku ọyẹ́ ò wọlé. Àwòrán lè sọ bí nǹkan ṣe rí lójú, àmọ́ kò lè sọ bó ṣe máa báni gbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó lọ sílé àwọn tó ti ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta, kó máa wá ibi tí wọ́n di àkísà mọ́.

Àkísà ọ̀hún lè má jẹ́ aṣọ. Ó lè jẹ́ páálí tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà máa mì. Ó lè jẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń di géètì tí kò lè dá dúró, bébà tí wọ́n kọ "TÌ Í" sí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, bírò tí wọ́n fi kọ "síta" àti "fáànù" sára swíìṣì, ààbọ̀ bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé sí balùwẹ̀ torí omi tí kò ṣàn lọ, tàbí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tí wọ́n fi bo fèrèsé torí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹjọ́ ló ń rò láìlanu. Níbi tí àkísà bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìrònú ẹni tó ṣe nǹkan náà kò dé.

Ẹ wo èyí tó ń kọjá níwájú ilé yín lójoojúmọ́: kẹ́ẹ̀gì rọ́bà tí àwọn mai ruwa, àwọn tó ń ta omi, ń kó sórí ọmọlanke. Lítà 25 ló ń gbà, kílò 25 sì ni omi inú rẹ̀ nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ojú ibi tí wọ́n ti so rọ́bà náà pọ̀ sì yọ ṣóńṣó sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ìka ń gbà gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí aṣọ tàbí rọ́bà táyà tí wọ́n wé mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ń da omi rẹ̀ sí dúrọ́ọ̀mù, á máa ké gbọ̀ọ́ gbọ̀ọ́ gbọ̀ọ́, á máa ta sí wọn lẹ́sẹ̀, torí ẹnu kan ṣoṣo náà ni omi ń gbà jáde tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àwọn méjèèjì sì ń du ọ̀nà. Ẹni tó bá gbọ́n á fi ìṣó gbígbóná dá ihò kékeré sí èjìká rẹ̀. Àkísà nìyẹn náà.

Ẹ wá wo baba kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ní 1937, Jámánì ṣe kẹ́ẹ̀gì onírin kan fún epo ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun wọn, lítà 20 ló ń gbà. Ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n tò sórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá kún, ẹnì kan á di ti àárín mú. Bó bá wúwo jù fún un, ẹni méjì á di ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Bó bá ṣófo, wọ́n á to méjì sún mọ́ra, ọwọ́ kan á gbá ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀, ẹnì kan á sì gbé mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi páìpù kékeré sí ẹnu rẹ̀ fún atẹ́gùn, kó má máa ké gbọ̀ọ́ gbọ̀ọ́. Àmì bí àgbélébùú tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí irin pẹlẹbẹ náà le, ó sì ń fún un láyè láti wú díẹ̀ bí oòrùn bá mú epo inú rẹ̀ gbóná. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Jerry" ni wọ́n ń pe àwọn ará Jámánì nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni orúkọ jerrycan ti wá. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ kò síbi tí ẹ ó ti rí àyè di àkísà mọ́.

Ohun tí ẹ ó máa bi káfíńtà àti wẹ́dà yín nìyẹn: nígbà tó bá kún ńkọ́, nígbà tó bá ṣófo ńkọ́, nígbà tí ọwọ́ bá tutù, nígbà tí iná ò bá sí ńkọ́? Ohun tí ọwọ́ yóò máa fi agbára fà, bíi géètì, kí ìpọn ọwọ́ rẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 3 sí 4. Ti dúrọ́ọ̀ lè tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 4. Ẹ fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí eegun ìka bá ń ha igi, ẹ dá a padà.

Ilẹ̀kùn àti swíìṣì, ojú ló ń kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tó bá ní ohun tó ṣeé dì mú, "fà mí" ló ń wí, kò sí bí ẹ ṣe lè kọ "TÌ" sí i tó tí àlejò ò ní fà á. Bí títì ni, irin pẹlẹbẹ ni kí wọ́n kàn mọ́ ọn, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n tì fúnra rẹ̀. Nínú ilé, ẹ mú ọwọ́ ilẹ̀kùn gbọọrọ tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi èyí tó rí roboto sílẹ̀. Màmá tó gbé abọ́ lọ́wọ́ méjèèjì lè fi ìgúnpá ṣí èyí tí a ń tẹ̀. Roboto ń fẹ́ ọwọ́ gbígbẹ tó lágbára, oríkèé ìka àgbàlagbà kò sì fẹ́ràn lílọ́. Kí ilẹ̀kùn yàrá màmá àti ti balùwẹ̀ wọn fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 90, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn á kọjá níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa ṣí síta. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ. Bí èèyàn bá ṣubú sínú balùwẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ ló máa ń di ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, àwọn tó fẹ́ gbà á á sì wà níta tí wọ́n ń tì í. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ó fi sí i, kó jẹ́ èyí tí a lè fi owó ẹyọ tàbí ìdí ṣíbí yí láti ìta.

Ní ti swíìṣì, àṣìṣe kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀ ní ìlú yìí: ẹ wọlé lóru, ẹ ní láti wọlé tán, ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó rí swíìṣì lẹ́yìn rẹ̀. Oníná ló kọ́kọ́ gbẹ́ ògiri, káfíńtà wá kan hínjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò dáa, wọn ò kàn sọ̀rọ̀ síra wọn ni. Kí oníná tó gbẹ́ ògiri, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi ya ibi tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa gbà ṣí sórí ilẹ̀ yàrá. Swíìṣì á wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, mítà 1.2 sókè, sẹ̀ntímítà 15 sí 20 sí férémù. Bí swíìṣì bá tó mẹ́ta lójú kan, kí wọ́n tò ó bí gílóòbù ṣe tò nínú ilé: ti apá òsì fún gílóòbù apá òsì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, bírò kò sì ní kan ara rẹ̀ láéláé.

Ó wá kan kántà tí káfíńtà yín ní kì í yẹ̀.

Lóòótọ́, 85 sí 90 ni wọ́n ń ṣe káàkiri, àmọ́ ìgúnpá ẹni tó ń dáná ló ni òfin kántà. Ẹ wọ sálúbàtà tí ẹ máa ń wọ̀ dáná, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká apá yín kó rí bí igun bébà, kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ yọ sẹ̀ntímítà 10 sí 15 kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni gíga ibi tí ẹ ó ti máa gé ẹ̀fọ́, tí ẹ ó ti máa fọ abọ́. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, ìgúnpá rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 101, kántà 86 sí 91 ló bá a mu. Ẹni tó ga ní mítà 1.52, 81 sí 86 ni tirẹ̀. Èèyàn tó bá ń gé nǹkan lórí kántà tó ga jù á máa gbé èjìká sókè láìmọ̀. Lórí èyí tó kéré jù, á máa tẹ̀ba. Èjìká lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀yìn lẹ ó mọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Níbi ìdáná gan-an ni 90 yẹn ti ń da àwa ará ilẹ̀ yìí láàmú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kántà 90, sítóòfù gáásì orí tábìlì, nǹkan bíi 12, ìkòkò ọkà, 22. Ẹnu ìkòkò ti wà ní 124 báyìí. Obìnrin tó ga ní mítà 1.55, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ọmọ-orógùn ro ọkà tó le tàbí tùwó níbi tó bá èjìká dọ́gba? Agbára ríro ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ ni, ara ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, apá nìkan kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa, àti nínú kíṣìnì olówó ńlá pàápàá, fi máa ń gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ dè é. Ìkòkò tó wà nílẹ̀ yẹn, àkísà ni. Ẹ sọ fún káfíńtà kó gé apá kan kántà náà, ìbú rẹ̀ kó tó 70, kó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 60 tàbí 65 fún sítóòfù. Ẹnu ìkòkò á wá bọ́ sí nǹkan bíi 96, ìgúnpá yín gẹ́lẹ́. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, kí ó fi pákó tó ga ní sẹ̀ntímítà 15 dábùú iwájú rẹ̀, kí ọwọ́ ọmọ má baà kan iná.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ kántà. Tí wọ́n bá mọ bùlọ́ọ̀kù rẹ̀ dé etí gan-an, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ á máa kọ lu ògiri, ẹ ó sì ní láti dúró jìnnà, kí ẹ máa na ẹ̀yìn síwájú. Kí wọ́n jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú ní sẹ̀ntímítà 8, kó ga ní 10, fún orí ẹsẹ̀. Àwọn bíríkìlà kì í rántí èyí àyàfi bí ẹ bá dúró tì wọ́n.

Gáásì ńkọ́? Ìta ni kí sìlíńdà wà, nínú ilé irin tó ní ihò. Gáásì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Fèrèsé òkè nìkan ò lè lé e jáde, nítorí náà ẹ dá ihò onínẹ́ẹ̀tì kan sí ìsàlẹ̀ ògiri kíṣìnì, sẹ̀ntímítà 15 sí 20, tó yọ síta.

Ooru wá ni, ohun tó ń mú àwọn ará Ábújá sùn síta lóṣù Kẹta. Nǹkan bíi dígíìrì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé la wà. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lórí wa tààrà. Ní Oṣù Kejìlá tó fì sí gúúsù jù lọ, ó ṣì ga tó dígíìrì 57. Ní Oṣù Kẹfà, á fì díẹ̀ sí àríwá. Nítorí náà fèrèsé tó kọjú sí gúúsù tàbí àríwá rọrùn láti dáàbò bò. Bí fèrèsé gúúsù bá ga ní mítà 1.2, tí pẹpẹ kọnkéré orí rẹ̀ gẹ́lẹ́ sì yọ síta ní sẹ̀ntímítà 76, oòrùn ọ̀sán gangan kò ní wọlé lọ́jọ́ kankan lọ́dún. Ti àríwá, 31 ti tó. Àmọ́ ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀tẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lóṣù Kẹta, oòrùn ti wálẹ̀ sí bíi dígíìrì 30, pẹpẹ tó máa dí i lójú fèrèsé kan náà gbọ́dọ̀ yọ ju mítà méjì lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Bùlọ́ọ̀kù á mu ooru náà títí ilẹ̀ fi ṣú, òru ló sì máa ń pọ̀ ọ́ sínú yàrá, nígbà tí ẹ ti sùn.

Ẹ jáde lónìí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ògiri tí oòrùn ń lù. Bí yàrá màmá bá wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ yàrá, ẹ fi ibẹ̀ ṣe sítóò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ohun tó dúró lóòró ló ń dí oòrùn ìrọ̀lẹ́: igi dongoyaro, ògiri bùlọ́ọ̀kù oníhò tó jìnnà sí fèrèsé ní mítà kan, tàbí ẹní koríko tí wọ́n so kọ́ síta. Kátẹ́nì inú ilé ń dí ìmọ́lẹ̀ ni; ooru ti wọlé tán kó tó kàn án.

Fèrèsé alùmíníọ̀mù tó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́pọ̀ torí pé owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí nígbàkigbà. Ẹ san owó fèrèsé méjì, atẹ́gùn ọ̀kan lẹ gbà. Lúfà àtijọ́ ń ṣí tán, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń gba àárín gíláàsì rẹ̀ wọlé bí ẹni pé kò tì. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ló bá ìlú yìí mu jù: ó ń ṣí tán nígbà ooru, ó ń dí pa nígbà ọyẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìta ló ń ṣí sí, irin fèrèsé wẹ́dà sì máa ń wà níta, wọ́n á jọ gbá ara wọn. Ẹ pe wẹ́dà àti alálùmíníọ̀mù síbi fèrèsé kan lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan tó gba owó: irin á wà nínú, fèrèsé á ṣí síta, nẹ́ẹ̀tì á wà láàárín lórí hínjì. Kí irin fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú tó ṣeé ṣí látinú, ìbú 50, gíga 80 ó kéré tán, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì kọ́ sórí ìṣó tí ọwọ́ ará ìta ò lè dé. Ilé tí olè ò lè wọ̀ tí iná bá sọ tí onílé ò lè jáde, kò sí ọgbọ́n níbẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sí ìlú àtijọ́ Kano tàbí Zaria á rí i pé àwọn tó fi tubali, ìyẹn bíríkì amọ̀ ṣóńṣó, kọ́lé níbẹ̀ ti mọ gbogbo èyí. Ògiri nípọn kí ooru má tètè dé inú, ojú fèrèsé kéré kí eruku má wọlé, indararo, ẹnu gọ́tà gbọọrọ, sì yọ láti orí òrùlé kó lè ju omi òjò jìnnà sí ògiri amọ̀. Lónìí ẹ ó rí ilé kọnkéré l'Ábújá tí wọ́n fi ìwo ṣóńṣó tó máa ń wà lórí irú ilé amọ̀ yẹn ṣe ọ̀ṣọ́ sí, tí omi òjò sì ń ya ilà dúdú sí ògiri rẹ̀, torí wọ́n mú ìwo, wọ́n fi ẹnu gọ́tà sílẹ̀.

N ò sọ pé kí nǹkan má rẹwà o. Ẹwà tó ń pa iṣẹ́ ni mo ń bá jà. Ẹ wo àmù. Ara àmù ń làágùn. Omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú amọ̀ ló ń gbẹ, bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru omi inú lọ. Ẹ fi pénǹtì olóròóró tó ń dán kun àmù kó lè bá pálọ̀ mu, ẹ ti dí ojú rẹ̀, agbada lásán ni. Bákan náà ni ìkòkò tí wọ́n fi gíláàsì bò ojú rẹ̀ nínú iná, irú èyí tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn èèyàn ní Suleja (Abuja lorúkọ rẹ̀ nígbà náà) ní nǹkan bí 1951, níbi tí Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, ti ṣiṣẹ́. Ó dára gan-an fún tíì àti ọbẹ̀, ọbẹ̀ ò ní wọ ara rẹ̀. Àmọ́ kò lè mú omi tutù, torí kò lè làágùn.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Dutse, ìpínlẹ̀ Jigawa, gba ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ aago Rolex ní 2000 lórí ọgbọ́n àmù yìí náà. Ó ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ ńlá, ó fi iyanrìn tútù kún àárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Ìgbá (garden egg) tó ń bà jẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 27. Iná kò kàn án. Ẹ lè ṣe é sí ẹ̀yìn kíṣìnì yín: kí àlàfo iyanrìn tó sẹ̀ntímítà 3 sí 5 yíká, ẹ bu omi sí iyanrìn láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ gbé e síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kìkì pé Dutse ti Jigawa kọ́ ni Dutse tiyín. Láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kẹta, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, á ṣiṣẹ́ fún yín. Ní Oṣù Kẹjọ tí afẹ́fẹ́ Ábújá kún fún omi, kò síbi tí òógùn ìkòkò máa gbẹ sí, ata á sì bu nínú rẹ̀.

Ó ku ẹsẹ̀ màmá.

Níwájú ilé, bí fàráńdà bá ga ní sẹ̀ntímítà 45, àtẹ̀gùn mẹ́ta oní-15 ni, kí ojú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó 30. Kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ ń fi àkọ́kọ́ kọ́ gíga ìyókù, lẹ́yìn náà kì í wolẹ̀ mọ́. Bí ìkẹta bá fi sẹ̀ntímítà kan tàbí méjì ga ju ti ìṣáájú lọ, ibẹ̀ ló ti ń kọsẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ń ti wá ni pé bíríkìlà ń da kọnkéré àtẹ̀gùn kó tó rántí táìlì àti sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa fi lé fàráńdà, èyí tó lè tó 3 sí 4. Ẹ ní kó yọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà dídagun fún kẹ̀kẹ́, sẹ̀ntímítà kan sókè, 12 lọ síwájú: fàráńdà 45 ń fẹ́ mítà 5.4. Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, gígun òkè lásán ni.

Táìlì tó ń dán bí dígí, ẹ jẹ́ kó parí sí pálọ̀. Ẹ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ onítáìlì, ẹ da omi ọṣẹ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tì í síwájú. Bó bá yọ̀, kò gbọdọ̀ dé balùwẹ̀. Táìlì ńlá 60 sí 60 tún ní ìṣòro míì níbẹ̀: kò lè tẹ̀. Bí ihò omi bá wà láàárín, ilẹ̀ ní láti dagun láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táìlì ńlá á sì gbé etí sókè tàbí kí omi dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lo kéékèèké, 10 sí 10, tí ojú sìmẹ́ńtì àárín wọn pọ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń rí nǹkan dì mú. Ẹ jẹ́ kó dagun ní sẹ̀ntímítà 1.5 sí 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó san ìyókù owó onítáìlì, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí omi bá dúró sí, kó tún un ṣe.

Ẹ má fi funfun sí ilẹ̀, funfun sí ògiri, funfun sí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ojú àgbàlagbà lóru kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ilẹ̀ kó ní àwọ̀ tó dúdú díẹ̀. Irin ìdìmú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, sẹ̀ntímítà 70 sí 80 sókè, ṣùgbọ́n bùlọ́ọ̀kù oníhò ò lè dì í mú: kí wọ́n da kọnkéré kún inú bùlọ́ọ̀kù ibẹ̀ kí táìlì tó bò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí màmá máa jókòó wẹ̀ lórí àga rọ́bà tó ti pẹ́ lóòrùn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á tó ń yọ ẹfun, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán, lórí táìlì tútù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yà. Àpótí tó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dára, gíga 43 sí 45.

Ohun kan tó kù: abẹ́ ihò omi balùwẹ̀ yẹn, ọrùn kan wà tó máa ń mú omi bíi sẹ̀ntímítà 5 dání, omi yẹn ló ń dí òórùn ṣọkàwéè. Nígbà ọyẹ́, bí balùwẹ̀ àlejò bá wà láìlò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi náà á gbẹ, òórùn á gba inú ilé, ẹ ó sì máa bá púlọ́ńbà jà láìṣẹ̀. Ife omi kan sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tó.